Bí Ẹ̀sìn Kristi Kò Bá Ti Dé Yúróòpù, Báwo Ni Ì Bá Ti Rí?

 

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọmọ wa máa ń mú wálé, pàápàá àwọn tí wọ́n ti wọ yunifásítì. Wọn a ní, bí ẹ̀sìn Kristi kò bá ti dé Yúróòpù rárá, ǹjẹ́ ayé kì bá tí sàn ju báyìí lọ? Ṣebí àwọn tí ń gbé Bíbélì lọ́wọ́ náà ni wọ́n kó àwọn babańlá wa lẹ́rú? Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, ìdáhùn méjì ni ọmọ náà ń rí gbà. Òbí kan á ní kí ó panu mọ́, kí ó má sọ̀rọ̀ òdì sí Ọlọ́run. Òbí kejì á ní láìsí ẹ̀sìn Kristi, ẹhànnà ni gbogbo òyìnbó ì bá jẹ́ títí di òní. Ti àkọ́kọ́ kì í ṣe ìdáhùn rárá. Ti èkejì kò jẹ́ òtítọ́ tó bí a ti rò. Ọmọ tí a bá dá lóhùn báyìí yóò dákẹ́ lójú wa, yóò sì lọ wá ìdáhùn rẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí fún ìwọ̀nba àkókò.

Kò sí ẹni tí ó lè dá àná padà kí ó tún un ṣe ní ọ̀nà mìíràn. Ṣùgbọ́n a lè wo bí Yúróòpù ti rí kí ẹ̀sìn yìí tó dé. A lè wo ibi tí wọ́n ti fi ọwọ́ ara wọn dá iṣẹ́ ìjọ dúró. A sì lè wo òde òní, nígbà tí ọ̀pọ̀ ti fi ìjọ sílẹ̀. N kò ní lè sọ nípa òfin, orin, àti ilé ẹ̀kọ́. Ohun kan ṣoṣo ni n ó mú, èyí tí iṣẹ́ mi fi yé mi: ìtọ́jú ẹni tí ara rẹ̀ kò dá.

Kí Ẹ̀sìn Náà Tó Dé

Ní ọdún tí ó ṣáájú ọdún kìn-ín-ní tí a ń kà láti ìgbà ìbí Kristi, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Hilarion wà ní Alẹkisáńdíríà ní ilẹ̀ Íjíbítì, tí ó wà lábẹ́ Róòmù nígbà náà. Iṣẹ́ ni ó bá lọ. Ó kọ lẹ́tà sí Alis aya rẹ̀ tí ó wà nílé, lẹ́tà náà sì wà títí di òní. Bí ẹ bá kà á, ẹ ó rò pé ọ̀kan nínú wa ni ó kọ ọ́ láti Walworth sí Ìbàdàn. Ó ní kí aya òun má dààmú bí àwọn yòókù bá padà wálé tí òun kò tí ì dé. Ó ní kí ó tọ́jú ọmọ wọn kékeré dáadáa. Ó ní bí wọ́n bá ti san owó fún òun, òun yóò fi ránṣẹ́, àti pé òun kò lè gbàgbé rẹ̀. Nínú lẹ́tà kan náà ni ó ti sọ fún un pé bí ó bá bímọ, tí ó bá jẹ́ ọkùnrin, kí ó dá a sí. Bí ó bá jẹ́ obìnrin, kí ó gbé e sọnù.

Ẹ má ṣe rò pé ìkà ènìyàn ni. Ẹni tí ó fẹ́ràn aya rẹ̀ tí ó sì ń ṣàárò ilé ni. Ohun tí ó ń bani lẹ́rù nínú lẹ́tà yẹn ni pé kò gbé ohùn sókè níbẹ̀. Bí ẹni ń sọ pé kí wọ́n ra epo ni ó ṣe sọ ọ́, nítorí ohun tí gbogbo ayé ń ṣe ni.

Kì í ṣe pé àwọn ará ìgbà náà kò mọ ìṣègùn. Hippocrates àti Galen kì í ṣe Kristẹni, síbẹ̀ ìwé wọn ni àwọn dókítà Yúróòpù ń kà fún ohun tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún. Róòmù pàápàá ní ilé ìwòsàn. Àwọn sójà ni wọ́n kọ́ ọ fún, àti àwọn ẹrú inú oko ńlá, kí wọ́n lè tètè padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tí ó bá wúlò, wọ́n ń tọ́jú rẹ̀. Ẹni tí kò wúlò mọ́, tí kò sì ní ará, kò sí bẹ́ẹ̀dì fún un.

Ní nǹkan bí ọdún 370, Bíṣọ́ọ̀bù Basil kọ́ ilé ńlá kan sí ẹ̀yìn ìlú Kesaréà, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Tọ́kì lónìí. Àwọn àlejò, àwọn aláìsàn, àti àwọn adẹ́tẹ̀ tí ìlú ti lé jáde ni ó gbà síbẹ̀. Irú ilé bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tàn kálẹ̀ láti ìlú dé ìlú.

Ẹlẹ́rìí tí mo gbà gbọ́ jù lọ nípa ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rẹ́ ìjọ. Julian ni orúkọ rẹ̀, olú-ọba Róòmù láti ọdún 361 sí 363. Inú ẹ̀sìn Kristi ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ṣùgbọ́n ó kọ̀ ọ́ sílẹ̀, ó sì fẹ́ dá gbogbo Róòmù padà sí ìbọ àwọn òrìṣà àtijọ́. A ní lẹ́tà kan lórúkọ rẹ̀ tí a kọ sí olórí àwọn àwòrò ní Galatíà. Nínú rẹ̀ ni ó ti ní kí wọ́n kọ́ ilé àlejò sí gbogbo ìlú, kí wọ́n máa bọ́ àwọn tálákà, nítorí pé ìtìjú ni pé àwọn ará Gálílì wọ̀nyí, bí ó ti ń pe àwọn Kristẹni, ń bọ́ tálákà tiwọn, wọ́n sì tún ń bọ́ ti àwọn abọ̀rìṣà mọ́ ọn.

Ẹ wò ó bí ọ̀tá ti jẹ́rìí. Kò ní wọ́n ń wàásù ju àwọn lọ. Ohun tí ó ká a lára ni oúnjẹ tí wọ́n gbé fún ẹni tí kì í ṣe tiwọn. Julian kú sójú ogun Páṣíà ní ọdún 363, kò sì lè parí ohun tí ó dáwọ́ lé. Bí ó bá ti pẹ́ láyé, bóyá à bá mọ ìdáhùn sí ìbéèrè àwọn ọmọ wa.

Ní Southwark Níbí

Kò yẹ kí a rìn jìnnà jù. Ẹ jẹ́ kí a padà sí àdúgbò wa. Ọsibítù St Thomas', tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ṣiṣẹ́ tàbí tí a ti bímọ sí, kò bẹ̀rẹ̀ ní ibi tí ó wà lónìí ní Lambeth. Ní Southwark ni ó ti bẹ̀rẹ̀, nítòsí London Bridge, ní ohun tí ó lé ní ẹgbẹ̀rin ọdún sẹ́yìn. Àwọn ẹlẹ́sìn tí wọ́n ti fi ayé sílẹ̀ fún Ọlọ́run ni wọ́n ń bójú tó o, arákùnrin àti arábìnrin pọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti dùbúlẹ̀ ní ọsibítù rí, ẹ mọ̀ pé Sístà ni wọ́n ń pe olórí wọ́ọ̀dù. Àwọn arábìnrin ẹlẹ́sìn bẹ́ẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Nọ́ọ̀sì tí kò tẹ ẹsẹ̀ sí ṣọ́ọ̀ṣì rí láyé rẹ̀ ń jẹ́ orúkọ náà lónìí.

Ní ọdún 1540, Ọba Henry Kẹjọ ti ọsibítù náà pa, gẹ́gẹ́ bí ó ti ti gbogbo ilé àwọn ẹlẹ́sìn bẹ́ẹ̀ pa tí ó sì gba ilẹ̀ wọn. Ọdún mọ́kànlá ni ilẹ̀kùn rẹ̀ fi wà ní títì. Ní ọdún 1551 ni ìjọba ìlú Lọ́ńdọ̀nù rà á, tí wọ́n sì tún un ṣí fún àwọn aláìsàn.

Ẹ jẹ́ kí a fi ara balẹ̀ ka ìtàn yìí, nítorí ó ní ẹ̀kọ́ fún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Nígbà tí wọ́n lé àwọn tí ń fi ìgbàgbọ́ ṣe iṣẹ́ náà kúrò, kò sí ẹni tí ó sáré wá gbé e. Ọdún mọ́kànlá kì í ṣe ọjọ́ mọ́kànlá fún ẹni tí egbò wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ìyẹn ni ẹ̀kọ́ fún ọmọ tí ó ní kò sí ohun tí ìjọ ṣe. Ṣùgbọ́n ọba tí ó tì í pa kì í ṣe kèfèrí. Kristẹni ni, oyè Olùgbèjà Ìgbàgbọ́ sì wà lórí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì tún un ṣí, àwọn olóyè ìlú ni wọ́n ń bójú tó o, kì í ṣe àwọn ẹlẹ́sìn bíi ti àtijọ́, iṣẹ́ náà sì ń lọ. Ìyẹn ni ẹ̀kọ́ fún òbí tí ó rò pé ọwọ́ ìjọ nìkan ni rere wà.

Ọsibítù náà tilẹ̀ ti gbé àdúgbò wa yìí rí. Nígbà tí ilé iṣẹ́ rélùwéè fẹ́ gba ilẹ̀ rẹ̀ ní London Bridge, ó kó wá sí ọgbà Surrey Gardens ní Walworth ní ọdún 1862, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1871. Pasley Park, tí àwọn ọmọ wa ti ń ta bọ́ọ̀lù, wà lórí ara ilẹ̀ ọgbà náà. Ọdún 1860 ni Florence Nightingale ti dá ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní St Thomas', nítorí náà Walworth níbí ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn nọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ ilé ẹ̀kọ́ náà ti kọ́ iṣẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ti lọ kọ́ ìtọ́jú aláìsàn ní ọdún 1851 ní Kaiserswerth ní Jámánì, lọ́dọ̀ àwọn obìnrin ìjọ Lutheran. Ní ọdún 1946, ọmọ Yorùbá kan láti Èkó, Kofoworola Abeni Pratt, wọ ilé ẹ̀kọ́ Nightingale yìí kan náà. Ó padà sílé, ó sì di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ matron ní UCH Ìbàdàn. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ìbàdàn, ibi tí okùn yín ti gùn wá nìyẹn.

Ẹ̀gbẹ́ Kejì Ọ̀rọ̀ Náà

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ọ̀rọ̀ ẹrú ni ó ń dun àwọn ọmọ wa, a kò sì gbọdọ̀ fi ìtàn ọsibítù bò ó mọ́lẹ̀.

Ní ọdún 1452, Póòpù Nicholas Karùn-ún kọ̀wé sí ọba Potogí pé ó lè kó àwọn tí kì í ṣe Kristẹni sínú oko ẹrú títí ayé. Ní ọdún 1710, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì kan ní ìjọ Gẹ̀ẹ́sì jogún oko ìrèké Codrington ní Barbados pẹ̀lú àwọn ẹrú inú rẹ̀. Wọ́n fi irin gbígbóná kọ orúkọ ẹgbẹ́ náà sí àyà àwọn ẹrú wọ̀nyí. Ẹgbẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti wàásù ìyìn rere ni o. Ọdún 2006 ni ìjọ Gẹ̀ẹ́sì tó tọrọ àforíjì lórí rẹ̀. Bí ọmọ bá bi wá ní èyí, ẹ má ṣe jẹ́ kí a sẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ó rí bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi í ní ìbéèrè tirẹ̀ padà: bí a bá yọ ẹ̀sìn Kristi kúrò, ṣé òwò ẹrú ì bá lọ? Gíríìsì àti Róòmù kó ẹrú kí a tó bí Kristi. Àwọn ará àríwá Yúróòpù tí ń bọ Odin àti Thor kó ẹrú, wọ́n sì tà wọ́n. Àwa náà ń ta ara wa. Ẹ wo ìgbésí ayé Bíṣọ́ọ̀bù Ajayi Crowther. Ní ọdún 1821, àwọn aláwọ̀ dúdú bí tirẹ̀ ni wọ́n kó o ní Ọ̀ṣọ́ọ̀gùn. Àwọn Kristẹni Potogí ni wọ́n rà á sínú ọkọ̀ ojú omi wọn. Àwọn Kristẹni Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n gbà á sílẹ̀ ní 1822 tí wọ́n sì mú un lọ sí Freetown. Wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, kí ó sì tó kú ní 1891, àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì kan ti tẹ́ ẹ lójú iṣẹ́ rẹ̀. Ta ni nínú wọn tí a ó pè ní ẹ̀sìn Kristi?

Ohun kan ni mo rí nínú rẹ̀. Àwọn tí ń kó ẹrú mọ̀ pé ìwé tí àwọn ń gbé kiri kò gbè wọ́n. Ní ọdún 1807, wọ́n tẹ Bíbélì kan jáde ní Lọ́ńdọ̀nù fún àwọn ẹrú ní erékùṣù West Indies, wọ́n sì yọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú Májẹ̀mú Láéláé kúrò, títí kan bí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ṣe jáde kúrò ní oko ẹrú. Ẹni tí kò bẹ̀rù ìwé kì í gé e. Àwọn ẹrú tí wọ́n sì rí odindi rẹ̀ kà mọ ohun tí ó wí. Olaudah Equiano fi í bá àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì wí nínú ìwé tirẹ̀ ní 1789. Sam Sharpe, díákónì ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Jàmáíkà, ló ṣáájú àwọn ẹrú tí wọ́n kọ iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà Kérésìmesì 1831. Wọ́n so ó kọ́ ní 1832. Ní 1833 ni ilé aṣòfin Lọ́ńdọ̀nù ṣe òfin tí ó fòpin sí oko ẹrú.

A kò sì gbọdọ̀ gbàgbé pé rere wà níbòmíràn. Ní ọdún 1284, ọba Mùsùlùmí kan kọ́ ọsibítù ńlá sí Káírò fún olówó àti tálákà, ọkùnrin àti obìnrin. Nígbà tí Mary Slessor ń bá àṣà pípa ìbejì jà ní Kàlàbá, àwọn abọ̀rìṣà Yorùbá ti ń ki ìbejì ní oríkì, wọ́n ń se ẹ̀wà fún wọn. Lọ́wọ́ kan náà, wọ́n ń fi ènìyàn rúbọ ní àwọn ìlú kan. Kò sí ẹ̀yà tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ délẹ̀.

Lónìí Ńkọ́?

Ní ìkànìyàn ọdún 2021, ìpín 46.2 nínú ọgọ́rùn-ún ni àwọn tí wọ́n pe ara wọn ní Kristẹni ní England àti Wales. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọn kò tó ìdajì. Ìpín 37.2 ní àwọn kò ní ẹ̀sìn kankan. Nítorí náà, ohun tí àwọn ọmọ wa ń fi ọkàn rò ti ń ṣẹlẹ̀ lójú wa díẹ̀díẹ̀, a sì ń gbé inú rẹ̀.

Láti ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 1948 ni NHS ti ń tọ́jú ènìyàn láìbi í bóyá ó ní owó tàbí ẹ̀sìn. Èmi náà mọ àwọn nọ́ọ̀sì tí kò gba Ọlọ́run gbọ́ tí wọ́n ń jókòó ti àlejò tí ń kú lọ ní ọ̀gànjọ́ òru, nígbà tí iṣẹ́ wọn ti parí. N kò lè wo irú ẹni bẹ́ẹ̀ kí n sọ pé kò ní rere nínú. Ṣùgbọ́n mo tún ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pe arúgbó tí ara rẹ̀ ti yá díẹ̀ tí kò sì sí ẹni tí yóò gbà á sílé. Wọ́n ń pè é ní ẹni tí ó dí bẹ́ẹ̀dì. Ìgbàkígbà tí mo bá gbọ́ ọ, Róòmù ni mo máa ń rántí, níbi tí bẹ́ẹ̀dì ti jẹ́ ti ẹni tí yóò padà sẹ́nu iṣẹ́.

Èrò tèmi nìyí. Bí ẹ̀sìn Kristi kò bá ti dé Yúróòpù, Yúróòpù ì bá ní dókítà, ì bá ní òfin, ì bá ní ènìyàn rere, ì bá sì ní ẹrú. Ohun tí n kò rí ibi tí wọn ì bá ti tètè rí ni ìdánilójú pé ẹni tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́ ṣì tó ẹni tí a ń jí lóru tọ́jú. Ìdánilójú yẹn kò bá ènìyàn wá sáyé. Hilarion fẹ́ràn aya rẹ̀, kò sì ní in. Ó ní ìgbà tí ó dé, nítorí náà ó lè ní ìgbà tí yóò lọ. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Kì í gbẹ lọ́jọ́ kan. Ó lè ṣàn lọ jìnnà kí ẹnikẹ́ni tó kíyè sí i pé omi ń fà.

Àwa Náà Ńkọ́?

Ẹ̀yin ará, ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn wá nìyí. Bí Julian bá dé Walworth lónìí, tí ó ń rìn láti ọjà East Street dé ibi tí a ti ń jọ́sìn, kí ni yóò kọ sínú lẹ́tà rẹ̀ nípa wa? Yóò kọ pé a ń ṣe ìkómọ, a ń ṣe ìsìnkú, a ń dá owó fún ara wa, kò sì sí ẹni tí yóò ṣàìsàn nínú wa tí a kò ní gbé ọbẹ̀ lọ fún. Ìyẹn dára, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ìdajì lẹ́tà náà ni. Ohun tí ó ba Julian nínú jẹ́ ni ìdajì kejì, pé wọ́n ń bọ́ ti àwọn abọ̀rìṣà mọ́ tiwọn. Ìyá àgbà òyìnbó tí ó wà ní ilé òkè wa, tí kì í kí wa, tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò wá wò ó láti ọjọ́ yìí, ta ni ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀? Àlejò tí kò gbọ́ èdè wa, tí kò sì lè dá nǹkan kan padà fún wa, ṣé ó mọ̀ pé ìjọ kan wà ní òpópónà yìí?

Nítorí náà, bí ọmọ rẹ bá tún béèrè, má ṣe pa á lẹ́nu mọ́. Sọ ti Codrington fún un, má fi pamọ́. Sọ ti Hilarion àti ti Julian fún un. Mú un rìn lọ sí Pasley Park lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi, kí o fi ibi tí St Thomas' wà rí hàn án. Bí ẹ bá sì ń padà bọ̀, ẹ jọ kan ilẹ̀kùn ìyá àgbà yẹn kí ẹ tó wọlé, kí ẹ béèrè bóyá ó ti jẹun.

Kí Olúwa ràn wá lọ́wọ́. Àmín.